Àjà guguru: kí ni wọ́n fọ́n sórí ilé wa?

Ọ̀rọ̀ ilé ni mo gbé wá lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé àtijọ́.

Lóṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi kan níbí ní Houston ní kí n wá ran òun lọ́wọ́ ní Sátidé. 1968 ni wọ́n kọ́ ilé tó rà. Àjà pálọ̀ rẹ̀ rí ṣákaṣàka, àfi bí ẹni pé wọ́n lẹ guguru mọ́ ọn. Popcorn náà làwọn òyìnbó ń pè é. Ẹ̀gbọ́n ní ká ha gbogbo rẹ̀ kúrò. Kí n tó dé, ó ti gbé àkàbà kalẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná."

Ó wò mí. "Kí la fẹ́ dúró dè? Àbúrò, ìwé ti pọ̀ jù lórí ẹ."

Ìdí tí mo fi ní kó dúró rèé.

Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé, iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni rírẹ́ ògiri inú ilé ní Amẹ́ríkà. Wọ́n á kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ jọ, wọ́n á rẹ́ pílásítà lé e ní ìpele ìpele, wọ́n á sì dúró kó gbẹ. Ogun parí ní 1945, àwọn sójà darí dé, wọ́n ń gbéyàwó, wọ́n ń bímọ, ilé ò sì tó. Ní Levittown, ní ìpínlẹ̀ New York, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo kọ́ ilé tó lé ní 17,000 láàárín 1947 sí 1951. Ta ló ráyè dúró de pílásítà? Bí drywall ṣe gbapò nìyẹn: pátákó gípsọ́ọ̀mù tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4, tí gígùn rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ 8. Wọ́n á kàn án mọ́ igi, ó parí.

Àmọ́ ibi tí pátákó méjì ti pàdé máa ń hàn. Kó tó lè dán, ó gba ká lẹ̀ ẹ́, ká rẹ́ ẹ, ká fi yẹ̀pẹ̀ oníwèé gbo ó, léraléra. Tí oòrùn bá gba ojú fèrèsé wọlé, gbogbo àṣìṣe orí àjà ló máa fojú hàn. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n po ẹrẹ̀ gípsọ́ọ̀mù kó ṣàn díẹ̀, wọ́n dà á sínú àrọ tó wà lórí ìbọn afẹ́fẹ́, wọ́n wá fọ́n ọn sára ògiri. Èyí tó rí tótótótó, èèpo ọsàn ni wọ́n ń pè é. Èyí tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó gbẹ, knockdown nìyẹn. Èyí tó rí gbàǹgbà jù ni guguru orí àjà. Wọ́n ń pè é ní ọ̀ṣọ́, àmọ́ iṣẹ́ àkánjú ló ń bá wọn bò.

Kó má baà sán, kó sì lẹ̀ dáadáa, àwọn ilé-iṣẹ́ kan po asbestos mọ́ ọn. Àwa náà mọ asbestos. Abẹ́ àjà rẹ̀ lọ̀pọ̀ wa dàgbà sí nílé. Káfíńtà á fi ayùn gé e, ìyẹ̀fun funfun á bo orí rẹ̀, kò ní bo imú. Ẹ̀rún rẹ̀ kéré ju ohun tójú lè rí lọ. Tó bá wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè jókòó síbẹ̀ fún ogún sí ogójì ọdún kí àìsàn tó yọjú. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a.

Ní 1964, Dókítà Irving Selikoff àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York gbé ìwádìí jáde pé jẹjẹrẹ ń pa àwọn tó ń fi asbestos ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 1973, ìjọba àpapọ̀ fòfin de fífọ́n ọn sára ilé nítorí iná àti ooru. Ẹ wò ó dáadáa: òfin yẹn ò kan èyí tí wọ́n ń fọ́n fún ọ̀ṣọ́. Ó di 1978 kí wọ́n tó fi ti ọ̀ṣọ́ kún un. Torí pé wọ́n pè é ní ọ̀ṣọ́, ó fi ọdún márùn-ún bọ́ lọ́wọ́ òfin. Èyí tó sì ti wà lórí àjà àwọn èèyàn ńkọ́? Ibẹ̀ ló wà.

Ẹ̀gbọ́n gbà, bó tilẹ̀ ń kùn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà wá, ó fi omi rin ín, ó mú díẹ̀ lọ sí láàbù. Èsì dé: asbestos wà níbẹ̀. Àjà kan náà ló wà nínú yàrá àwọn ọmọ. Ẹ̀gbọ́n ò sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. Ó wá ní, "Lóòótọ́, Sátidé yẹn là bá ti ha á."

Tẹ́ ò bá fọwọ́ kàn án, tí kò sì máa já bọ́, ewu rẹ̀ kò pọ̀. Híha àti lílu ló ń tú u sáfẹ́fẹ́. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ná, kẹ́ ẹ wá pe àwọn tó ní ìwé àṣẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ kíkùn ilé fún owó ọwọ́, ẹ̀yin gan-an lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Tí ọ̀gá bá ní kẹ́ ẹ gun àkàbà lọ ha àjà, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: ọdún wo ni wọ́n kọ́ ilé yìí, ṣé wọ́n sì ti yẹ̀ ẹ́ wò? Tí kò bá rí èsì fún yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀.