Òfin Wo Ló Fàṣẹ Sí Owó Yìí?

Oníṣọ́ọ̀bù tí ìjọba ìbílẹ̀ já ìwé owó fún ní Fájuyì, l'Ádó-Èkìtì, kọ́ ni yóò kọ́kọ́ béèrè òfin tó fàṣẹ sí i. Ní 1947, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, gbógun ti owó-orí tí ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbá ń gbà lọ́wọ́ obìnrin. Wọ́n kọ̀wé, wọ́n wọ́de, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949.

Ó pẹ́ kí òfin tó là á kedere. Òfin 21 ti ọdún 1998 to owó tí ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà sí ìlà 20; owó ṣọ́ọ̀bù àti ti pátákó ìpolówó wà níbẹ̀. Ó ka dídí ojú ọ̀nà láti gbowó léèwọ̀. Ẹni tó bá gbowó láìlẹ́tọ̀ọ́ yóò san ₦50,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí méjèèjì.

Nítorí náà, kí oníṣòwò ka ìwé náà dáadáa: owó kí ni, ta ló sì fọwọ́ sí i? Èyí tó tọ́, kí ó san án, kí ó gba rìsíìtì. Èyí tí kò tọ́, kí ó kọ̀wé ta kò ó, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1975, wà fún un. Ilé ẹjọ́ náà wà. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.