Òǹtẹ̀ Ara Ṣájà: Ibi Tí Ó Ti Ṣẹ̀ Wá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìrísí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ní ti ṣájà fóònù, ìrísí gan-an ni ẹ̀tàn ń bá wọlé. Ojúlówó àti ayédèrú lè jọra bí ìbejì. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ wà nínú, níbi tí ojú òǹrajà kò dé. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń yẹ irú ọjà bẹ́ẹ̀ wò, tí wọ́n sì ń lu òǹtẹ̀ fún èyí tó bá yege.

Ìtàn òǹtẹ̀ náà kò ṣẹ̀yìn ìpàtẹ ọjà àgbáyé tó wáyé ní ìlú Chicago, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lọ́dún 1893. Iná mànàmáná ṣì jẹ́ àjèjì nígbà náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún gílóòbù ni wọ́n sì tàn síbẹ̀. Àyà àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò ń já, nítorí àwọn ni yóò sanwó bí ilé bá jó. William Henry Merrill, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọṣẹ́ iná, lọ síbẹ̀ láti yẹ ètò iná wọn wò. Lọ́dún 1894, ó dá iléeṣẹ́ àyẹ̀wò sílẹ̀ ní ìlú náà pẹ̀lú àtìlẹ́yìn àwọn adójútòfò. Òun ni ayé wá mọ̀ sí Underwriters Laboratories, tí lẹ́tà UL rẹ̀ wà lára ọ̀pọ̀ ọjà títí dòní.

Iṣẹ́ ṣájà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Yóò gba iná ilé, tó jẹ́ nǹkan bí 120 fóòtì ní Amẹ́ríkà àti 230 ní Nàìjíríà, yóò sì sọ ọ́ di fóòtì 5 fún fóònù. Iná ńlá kò gbọdọ̀ kan iná kékeré. Nínú ojúlówó, àlàfo tó tó wà láàárín méjèèjì, ike tó nípọn sì bo waya inú rẹ̀. Aṣàyẹ̀wò yóò rán ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì sáàárín wọn láti mọ̀ bóyá iná yóò fò kọjá. Yóò tún wọn iná tó lè dé ara ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Àlàfo àti ike wọ̀nyí gan-an ni àwọn aṣayédèrú ń fi dín owó kù.

Ní oṣù Keje ọdún 2013, ìròyìn tàn kálẹ̀ pé iná gbé obìnrin kan pa ní Ṣáínà níbi tó ti ń lo fóònù tó wà lójú iná. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Apple ní kí àwọn oníbàárà tó ń fura sí ṣájà wọn kó o wá, kí wọ́n ra ojúlówó ní ẹ̀dínwó. Lọ́dún 2016, UL yẹ 400 ayédèrú ṣájà Apple wò: 3 péré ló yege. Àwọn 12 burú débi pé wọ́n lè pa ẹni tó ń lò wọ́n.

Ní Nàìjíríà, àjọ SON gbé ètò SONCAP kalẹ̀ lọ́dún 2005, kí ọjà lè gba ìwé ẹ̀rí kó tó wọ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè ya ṣájà lè ya òǹtẹ̀ pẹ̀lú. Bí kò bá sí àyẹ̀wò gidi ní ibodè àti lọ́jà, òǹtẹ̀ kò ju yíǹkì lásán lọ.