Bí dókítà ṣe ń yọ oògùn tó ti di bárakú kúrò lára: ohun tó yẹ kí ará wa ní Mgbuoba mọ̀

Ọ̀rọ̀ tá a mú wá yìí, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń fi aṣọ bò ó. Ọmọ ẹni tàbí ọmọṣẹ́ ẹni ń gbé tramadol mì, ó ń mu kodíìnì bí ẹni mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó ti di bárakú fún un, a ò sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ níbi ìpàdé ẹgbẹ́. Nígbà tó bá dójú ẹ̀, a ó tì í mọ́ yàrá pé kó fara dà á, tàbí ká fi í sínú mọ́tò padà sí Ìbàdàn tàbí Òṣogbo kí àwọn ará ilé lọ mójú tó o. Méjèèjì léwu.

Oògùn tí à ń sọ ni tramadol, kodíìnì, morphine, heroin àti pentazocine tí wọ́n ń pè ní Fortwin. Oògùn ìrora ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn kan ò sì fi ìgbádùn bẹ̀rẹ̀ rárá: àwọn tó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀là-dìde wà lára wọn, abẹ́rẹ́ ìrora ló kó wọn wọ̀ ọ́.

Ìwádìí ìjọba àti àjọ UNODC tó wà fún ọdún 2018 sọ pé mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn, láti ọmọ ọdún 15 dé 64, ló lo oògùn olóró tàbí lo oògùn ní ìlòkulò lọ́dún kan. Nínú wọn, bíi mílíọ̀nù 4.6 ló lo irú oògùn ìrora wọ̀nyí. Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn tiwa ló ṣíwájú, 22.4 nínú 100. South-South tá a wà yìí jẹ́ 16.6. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ ká máa sọ pé ìlú onílùú ló ba ọmọ wa jẹ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2018, lẹ́yìn tí BBC tú àṣírí ọjà kodíìnì, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe òògùn ikọ́ tó ní kodíìnì nínú àti kíkó o wọlé. NAFDAC náà ò fọwọ́ sí tramadol tó ju miligíráàmù 100 lọ. 200 àti 225 tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀, ayédèrú ọjà ni. Ṣùgbọ́n òfin ò lè yọ ohun tó ti wọ ara.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọpọlọ ti gbára lé oògùn náà. Bó bá dáwọ́ dúró, láàárín wákàtí 8 sí 24, yíyán, omi imú, òógùn àti egungun dídùn á bẹ̀rẹ̀. Inú á máa lọ́, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e. Ọjọ́ kejì àti ìkẹta ló máa ń le jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, púpọ̀ nínú rẹ̀ á rọlẹ̀, àmọ́ àìsùn àti ìfẹ́ oògùn lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ti tramadol tún ní tiẹ̀: ẹ̀rù lè máa ba ènìyàn lójijì, ó lè máa rí ohun tẹ́nìkan ò rí. Ibẹ̀ làwọn mìíràn ti ń sọ pé ayé ló ń ṣe é. Ẹ wá fojú inú wo ẹni tó ń bì, tó ń yàgbẹ́, nínú mọ́tò láti Port Harcourt dé Ìbàdàn. Omi tó ń tán lára rẹ̀ nìkan lè pa á.

Ẹni tó bá ń pò ó mọ́ Valium, Rohypnol tàbí ọtí líle, gìrì lè mú un bó bá dá a dúró lójijì. Aláboyún náà ò gbọdọ̀ dá a dúró láìrí dókítà.

Nílé ìwòsàn, wọ́n á kọ́kọ́ bi í ní irú oògùn tó ń mu, iye rẹ̀, àti ìgbà tó mu ún kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, wọ́n lè fún un ní methadone tàbí buprenorphine, kí wọ́n máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ọdún 2005 ni àjọ ìlera àgbáyé fi méjèèjì sára àwọn oògùn kòṣeémánìí. Ní Dakar, lórílẹ̀-èdè Senegal, ilé ìtọ́jú CEPIAD ti ń fún àwọn aláìsàn ní methadone látìgbà tí wọ́n ti ṣí i ní ìparí ọdún 2014. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn nílẹ̀ wa ló ní in. Níbi tí kò bá ti sí, clonidine ni wọ́n lè lò, wọ́n á sì máa wo ìfúnpá rẹ̀, pẹ̀lú omi oníyọ̀ àti ṣúgà, oògùn èébì, oògùn ìgbẹ́ gbuuru àti ti ìrora.

Ibi tó ń dùn wá jù rèé. Lẹ́yìn tí oògùn bá ti kúrò lára, agbára tí ara fi ń gbà á ti lọ. Bí ọmọ náà bá padà sí ìwọ̀n tó ń mu tẹ́lẹ̀, ó lè pa á lóru ọjọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí fífọ ara nìkan ò fi tó. Ó gbọ́dọ̀ máa padà lọ rí dókítà àti olùgbaninímọ̀ràn, àwọn mìíràn á sì wà lórí methadone fún ọdún púpọ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí i tó sùn tí kò ṣe é jí, tó ń han-anrun lọ́nà àjèjì, tí mímí rẹ̀ fà, tí ẹyinjú rẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Oògùn naloxone wà fún un. Ẹ má rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu.

Ká tún sọ ti ilé àdúrà àti ilé oníṣègùn tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ènìyàn. Lóṣù kọkànlá ọdún 2019, ọlọ́pàá tú àwọn tó lé ní 200 sílẹ̀ nírú ilé bẹ́ẹ̀ ní Òjòó, Ìbàdàn. Ibẹ̀ lẹlòmíì nínú wa ń fi ọmọ ránṣẹ́ sí.

Ní tòsí wa, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Rumuigbo. UPTH wà ní Alakahia lójú ọ̀nà East-West. Ẹ lè pe NDLEA lọ́fẹ̀ẹ́ lórí 0800 1020 3040 fún ìmọ̀ràn. Bó bá jẹ́ pé ilé lẹ ṣì fẹ́ kó lọ, Aro l'Abẹ́òkúta, tí Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954, àti Yaba l'Ékòó wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí dókítà ibí kọ́kọ́ rí i, kó sì kọ lẹ́tà fún un. Bẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ kó páálí gbogbo oògùn tó ń mu dání, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan tó mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ bá a lọ, ẹ sì béèrè iye owó àti iye ọjọ́ tó máa lò kẹ́ ẹ tó gba bẹ́ẹ̀dì.