Láfún Ẹ̀gbá: Ṣé àmàlà gidi ni, àbí oúnjẹ ẹni tí ò rówó ra èlùbọ́ iṣu?

Tí ẹ bá fẹ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín ọmọ Ìbàdàn àti ọmọ Abẹ́òkúta, ẹ ò nílò ọ̀rọ̀ òṣèlú rárá. Ẹ kàn bi wọ́n pé èwo gan-an ni àmàlà. Ọmọ Ìbàdàn á ní dúdú ni, èlùbọ́ iṣu ni, kò sí òmíràn. Ọmọ Ẹ̀gbá á ní funfun ni wọ́n fi tọ́ òun dàgbà, láfún tí wọ́n rò tó ń dán, pẹ̀lú ewédú àti ọbẹ̀ ata. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ọ̀kan nínú wọn á ti sọ pé oúnjẹ èkejì dà bí àtè tí wọ́n fi ń lẹ pósítà mọ́ ògiri.

Àwàdà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ yìí tijú. Wọ́n á jẹ láfún nílé dáadáa, tí wọ́n bá dé bùkà l'Ékòó, wọ́n á ní "dúdú ni kí ẹ bù fún mi o." Ní ọjà Láfẹ́nwá tí mo ti ń ra tèmi, funfun àti dúdú jọ jókòó ti ara wọn nínú abọ́, kò sí èyí tó ń bá èkejì jà. Àwa tí à ń jẹ ẹ́ la ń jà. Mo wá ní kí n kó ohun tí oníkálukú ń sọ jọ, kí n sì sọ ibi tí èmi fúnra mi dúró sí. Apá kan wà nínú ẹ̀ tí kì í ṣe àwàdà rárá, a máa dé bẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe láfún, ohun kan náà tí àwọn míì ń pè ní gbágùúdá tàbí pákí. Wọ́n á bó o, wọ́n á gé e, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin títí á fi rọ̀, tí á sì kan. Wọ́n á yọ okùn àárín rẹ̀, wọ́n á fún omi ara rẹ̀ dànù, wọ́n á sá a sóòrùn títí á fi gbẹ, kí wọ́n tó gbé e lọ fún àwọn tó ń lọ èlùbọ́. Tó bá jẹ́ pé wọ́n rín in, tí wọ́n fún omi rẹ̀, tí wọ́n sì yan án, gàrí nìyẹn. Tí wọ́n bá rẹ ẹ́ tí wọn ò sá a, fùfú ni. Àwọn Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó máa ń fi iná àti èéfín gbẹ tiwọn, wọ́n ń pè é ní púpurú. Èlùbọ́ iṣu ní tiẹ̀, iṣu ni wọ́n ń bọ̀ nínú omi gbígbóná, tí wọ́n á fi sílẹ̀ mọ́jú nínú omi náà, tí wọ́n á wá sá a. Iṣu funfun náà ló ń pọ́n dúdú fúnra rẹ̀ bó ṣe ń gbẹ.

Àwọn tó ní láfún kì í ṣe oúnjẹ ìbílẹ̀ gidi ní ẹ̀rí lọ́wọ́ o. Òwe àgbà tó to oúnjẹ ní ipò ní ipò, "iyán loúnjẹ, ọkà loògùn", ó dárúkọ ẹ̀kọ, ó tiẹ̀ rántí gúgúrú, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe níbẹ̀. Ọkà yẹn, àmàlà ni, ọ̀pọ̀ ló sì gbà pé ti iṣu ni. Iṣu jẹ́ tiwa láti ayébáyé. Ẹ̀gẹ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá, àwọn Potogí ló gbé e dé etíkun Áfíríkà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, kò sì tètè wọ inú oko wa. Ohun tí ọ̀pọ̀ òpìtàn sọ ni pé ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló tó tàn kálẹ̀ dáadáa nílẹ̀ Yorùbá, nígbà tí àwọn tó ti oko ẹrú bọ̀, àwọn Àgùdà láti Brazil àti àwọn Sàró, mú ọgbọ́n bí wọ́n ṣe ń yọ oró inú ẹ̀gẹ́ dé sílé.

Wàyí o, ẹ wo ọdún. 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ. Nǹkan bí 1839 làwọn Sàró bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé, Abẹ́òkúta sì wà lára ìlú tí wọ́n rọ́ lọ jù. Àkókò ogun ni. Iṣu tí o kó sínú àká, ọ̀tá lè wá kó o lọ tàbí kó dáná sun ún. Ẹ̀gẹ́ lè wà nínú ilẹ̀ ju ọdún kan lọ kó máa dúró dè ẹ́. Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá kúrò ní abúlé tí ogun tú ká, oúnjẹ tó mọ̀ ọ́n dúró nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ló ti ṣe irú oore bẹ́ẹ̀: ní 1981, òpìtàn Don Ohadike kọ̀wé nípa bí àjàkálẹ̀ lukuluku ti 1918 ṣe mú kí àwọn ènìyàn tó wà ní ìsàlẹ̀ Odò Ọya bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ẹ̀gẹ́ púpọ̀, torí pé ọwọ́ tí wọ́n lè fi gbin iṣu ti dín kù.

Nítorí náà, láfún kì í ṣe oúnjẹ ayébáyé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ ìlú Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀. Tí ìyẹn ò bá tó láti di ìbílẹ̀, ẹ jẹ́ ká gba ata rodo àti tòmátì kúrò lórí àmàlà dúdú ná, torí Amẹ́ríkà làwọn náà ti wá. Gúgúrú tí òwe yẹn dárúkọ ńkọ́? Àgbàdo ni, ọmọ ìlú kan náà pẹ̀lú ẹ̀gẹ́! Àlejò tó wà nínú òwe àti àlejò tí kò sí níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi kan náà ni wọ́n wọ̀ dé.

Ẹ tún rántí pé kì í ṣe inú ìkòkò ọbẹ̀ nìkan ni láfún wà l'Ẹ́gbàá. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń tà n'Ítòkú, láfún ni wọ́n ń sè pẹ̀lú álọ́ọ̀mù di ẹ̀kọ líle, tí wọ́n á fi ìyẹ́ adìyẹ ya iṣẹ́ ọnà sára aṣọ, kí wọ́n tó tì í bọ inú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní mú un. Ẹni tó bá ní láfún dà bí àtè ò kúkú parọ́, àtè tó ń mówó wọlé ni.

Èyí tó ń dun ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé wọ́n ní oúnjẹ òtòṣì ni. Òótọ́ wà níbẹ̀: iṣu wọ́n ju ẹ̀gẹ́ lọ, kò sí ìgbà tí kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn elélùbọ́ kan sì mọ̀ ọ́n, wọ́n á da láfún mọ́ èlùbọ́ iṣu, wọ́n á tà á ní owó iṣu. Ẹni tó ní òun ò lè fẹnu kan láfún láéláé, ó ṣeé ṣe kó ti jẹ ẹ́ lóṣù yìí. Àwọn ará Gánà mọ ìtìjú yìí ju àwa lọ. Wọ́n ní tiwọn tí wọ́n ń pè ní kókóńté, òun náà ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ gbígbẹ ni, orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n sì sọ ọ́ ni "kọjú sí ògiri," torí pé ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ á fẹ̀yìn sí ọ̀nà kí ará àdúgbò má baà rí i. Lónìí, kókóńté ti wà ní ilé oúnjẹ tí àwọn olówó ń lọ l'Ákrà. Nílẹ̀ Olómìnira Benin, láfún náà ni wọ́n ń pè é, mi ò sì tíì rí ẹni tó ń fi tijú níbẹ̀. Ní tiwa, Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lágbàáyé, ọmọ Abẹ́òkúta sì ni ààrẹ tó gbé ètò ìjọba kalẹ̀ lórí ẹ̀gẹ́ ní 2002, Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. Ohun tí à ń tò lé pẹpẹ bẹ́ẹ̀, a ò lè máa fẹ̀yìn sí ọ̀nà jẹ ẹ́.

Ti òórùn rẹ̀, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Àwọn kan ní láfún ń rùn, ó kan. Àwọn kan náà á lọ san owó gọbọi lórí ìrẹsì ọ̀fadà, tó jẹ́ pé rírẹ sómi náà ló fún un ní òórùn tí wọ́n ń yìn. Ọ̀rọ̀ ẹnu oníkálukú nìyẹn.

Ó wá ku ti ìlera. "Láfún máa ń ba ojú jẹ́." "Májèlé wà nínú ẹ̀." Ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, kì í ṣe ìsọkúsọ lásán. Ẹ̀gẹ́ tútù ní èròjà kan tó ń jẹ́ linamarin, tó máa ń di oró cyanide tí a bá gé e tàbí tí a rún un. Èyí tó korò ní púpọ̀, èyí tó dùn ní díẹ̀. Rírẹ ló ń lé e jáde: tó bá lo ọjọ́ mẹ́ta nínú omi, nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 oró náà máa ń lọ, oòrùn á sì mú lára èyí tó kù. Ìlànà Codex tí àwọn orílẹ̀-èdè ń tẹ̀lé lórí oúnjẹ sọ pé oró yìí kò gbọ́dọ̀ ju mílígírámù 10 lọ nínú kílò kan ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́.

Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí lágbègbè Ẹ̀pẹ́, lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn tí ẹsẹ̀ wọn ń kú tipiri, tí wọ́n ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ rìn, tí ojú wọn ń ṣú, tí etí wọn ń di. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́, tí ẹran àti ẹja ò sì tó. Ó so àìsàn náà mọ́ oró inú ẹ̀gẹ́. Àwọn olùwádìí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti jiyàn lórí bóyá oró yẹn nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ "ó ń ba ojú jẹ́" tí àwọn ìyá wa ń sọ kò jìnnà sí ohun tí wọ́n fojú rí. Ní Mòsáńbíìkì, èyí tó burú jù ṣẹlẹ̀ ní 1981. Ọ̀dá dá, ebi pa wọ́n, wọn ò ní sùúrù láti ṣe ẹ̀gẹ́ kíkorò bó ṣe yẹ kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Ó ju 1,000 ènìyàn lọ tí ẹsẹ̀ wọn rọ, àwọn obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù. Konzo ni wọ́n ń pe àìsàn náà, ẹsẹ̀ tó bá rọ báyìí kì í padà bọ̀ sípò.

Ibi tí mo dúró sí nìyí: láfún kọ́ ló léwu, ìkánjú ni. Láfún tí wọ́n rẹ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, oúnjẹ ni. Èyí tí wọ́n rẹ lánàá tí wọ́n sá lónìí torí pé ọjà ti ń sún mọ́, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́. Ohun kejì ni pé láfún fúnra rẹ̀ kò ní èròjà tó ń mú ara dàgbà tó bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ èròjà yẹn ni ara fi ń bá cyanide jà. Ẹja, ẹyin, ẹran tàbí ẹ̀wà gbọ́dọ̀ wà nídìí rẹ̀, pàápàá fún ọmọdé. Ewédú nìkan ò tó. Ibí yìí ni mo ti gbà fún àwọn ará Ìbàdàn: gbẹ̀gìrì tí wọ́n ń bu sí i, ẹ̀wà ni, ó wúlò. Kí Ẹ̀gbá tó bá ń ṣe kùn sí gbẹ̀gìrì máà bínú sí mi.

Ní ti ìtọ̀ ṣúgà, àwọn kan ní láfún ló ń fà á, àwọn kan ní òun ló ń wò ó. Èyí tó jẹ́ ti iṣu àti èyí tó jẹ́ ti ẹ̀gẹ́, sítáàṣì ni méjèèjì. Òkìtì tí ẹ bù sínú abọ́ ni kí ẹ wò.

Tí ẹ bá wá dé Láfẹ́nwá, lẹ́bàá Odò Ògùn, níbi tí ojú ọ̀nà Ayétòrò ti jáde, ẹ má kàn nawọ́ sí abọ́ tó funfun jù. Ẹ bi ìyá tó ń tà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ mélòó lẹ fi rẹ ẹ́?" Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dáhùn láì ronú. Ẹ bi wọ́n ibi tí wọ́n sá a sí pẹ̀lú. Orí àpáta tó mọ́ tàbí orí tapólì dára. Etí títì ọlọ́dà, níbi tí tírélà ti ń fẹ́ eruku àti èéfín sí i, tí ewúrẹ́ ń kọjá lórí ẹ̀, kò dára, bó ti wù kó gbẹ tó. Ẹ gbóòórùn ẹ̀: ìkan díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, ṣùgbọ́n òórùn èbu kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Nígbà òjò ni kí ẹ ṣọ́ra jù, torí èyí tí kò tètè gbẹ máa ń hu èbu dúdú tàbí aláwọ̀ ewé, jíjọ̀ ò sì lè yọ ìyẹn. Tí wọ́n bá ní ti ẹ̀gẹ́ pupa ni, irú tí wọ́n mú jáde ní Nàìjíríà ní 2011 nítorí fítámì A, kò burú, ṣùgbọ́n oòrùn tí wọ́n sá a sí máa ń dín fítámì náà kù, ẹ má torí ẹ̀ san ìlọ́po méjì.

Ẹ jọ̀ ọ́ dáadáa kí ẹ tó rò ó. Ẹ jẹ́ kí omi hó, ẹ bu díẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ da láfún sí èyí tó kù, kí ẹ fi omorogùn rò ó kíákíá kó má baà ní kókó. Ẹ wọ́n omi gbígbóná tí ẹ bù sọ́tọ̀ sí i, ẹ dé e, kó jinná dénú, kí ẹ tún rò ó lẹ́ẹ̀kan sí i títí á fi máa dán. Ẹ tètè jẹ ẹ́, torí tó bá tutù, ó máa ń le.