Kókó Inú Orí: Bí Wọ́n Ṣe Ń Wá Ohun Tí Ojú Kò Lè Rí

Kókó tó bá yọ sí ọrùn kì í ṣòro rí. Ará ọjà pàápàá á rí gẹ̀gẹ̀ kí dókítà tó rí i. Ọwọ́ á tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó le tàbí ó rọ̀, bóyá ó ń yẹ̀ tàbí ó dúró sójú kan. Ti inú orí ni wàhálà. Egungun agbárí bò ó bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Aláìsàn á ní orí ń fọ́ òun, á máa bì, ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, apá kan lè rọ. Dókítà á mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibo gan-an? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lónìí, torí pé fún ọdún tó lé ní àádọ́ta, ara aláìsàn ni wọ́n fi ń dáhùn rẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1895, ní ìlú Würzburg ní Jámánì, Wilhelm Röntgen ṣàwárí ìtànṣán X. Kò pẹ́ tó fi ya àwòrán ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, tí egungun àti òrùka ìka hàn kedere. Ẹ lè rò pé àṣírí orí ti tú nìyẹn. Rárá o. Egungun agbárí le, ìtànṣán náà sì ń fi í hàn dáadáa. Ṣùgbọ́n ọpọlọ rọ̀, kókó inú rẹ̀ náà sì rọ̀. Nínú àwòrán, àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, bí ẹni ń wá iyọ̀ nínú gàrí funfun.

Ọgbọ́n wo ni wọ́n wá dá? Ẹ̀yà kékeré kan wà láàárín ọpọlọ tó ń jẹ́ pineal, tó sábà máa ń le bí òkúta lára àwọn àgbà. Bí X-ray bá fi hàn pé ó ti yẹ̀ sí ọ̀tún, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí nǹkan máa tì í láti òsì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, òun ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ìtàn yìí: wọn kò rí kókó náà, ohun tó tì ni wọ́n rí.

Walter Dandy, oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, ló mú ọgbọ́n yìí gbòòrò. Gbogbo wọn mọ̀ pé afẹ́fẹ́ inú ìfun máa ń hàn dúdú nínú àwòrán X-ray. Inú ọpọlọ náà ní àwọn ihò tí omi kún. Bí a bá wá fa omi yẹn jáde, tí a fi afẹ́fẹ́ rọ́pò rẹ̀ ńkọ́? Ní 1918 ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: ó gba inú agbárí, ó fi abẹ́rẹ́ fa omi, ó sì ti afẹ́fẹ́ wọlé. Lọ́dún kejì ó rí ọ̀nà mìíràn, tí wọ́n ń gba ọ̀pá ẹ̀yìn rán afẹ́fẹ́ sókè. Bí ihò náà bá ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tó ti fún pọ̀, dókítà á mọ ibi tí kókó wà.

Aláìsàn ló ń san owó rẹ̀. Ẹ̀fọ́rí tó ju èyí tó gbé e wá lọ, èébì, òógùn. Nígbà tó yá, wọ́n á de aláìsàn mọ́ àga, wọ́n á máa yí i, wọ́n á tilẹ̀ dorí rẹ̀ kodò, kí afẹ́fẹ́ lè dé gbogbo kọ̀rọ̀. Àwọn kan kú. Síbẹ̀ wọ́n ń ṣe é fún bí ọdún àádọ́ta, torí kò sí ohun tó sàn jù ú lọ.

Ní Lisbon, ní ilẹ̀ Potogí, António Egas Moniz gba ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ọkùnrin yìí ti ṣe òṣèlú, ó ti ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ níbi ìpàdé àlàáfíà Paris lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní. Èrò rẹ̀ ni pé kí wọ́n fa oògùn tí X-ray lè rí sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ọrùn, kí wọ́n sì tètè ya àwòrán kí ẹ̀jẹ̀ tó gbé e lọ. Aláìsàn kan kú kí ọ̀nà náà tó gún. Ní oṣù kẹfà ọdún 1927 ló wá yọrí: iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ hàn bí ẹ̀ka igi, wọ́n sì rí ibi tí kókó ti tì wọ́n. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ayé. Nígbà tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1949, kì í ṣe fún iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ abẹ tó fi ń gé ọpọlọ àwọn tí orí wọn kò pé ni wọ́n yìn ín fún, èyí tí ayé ti kẹ̀yìn sí.

Apá kan ìtàn náà tún wà tó burú. Láti nǹkan bí 1931, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn kan tó ń jẹ́ Thorotrast. Àwòrán rẹ̀ dára, kì í sì í ni ènìyàn lára lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ thorium ni wọ́n fi ṣe é, ohun tó ń tú ìtànṣán jáde fúnra rẹ̀, tí ara kò sì lè yọ dànù. Ó jókòó sínú ẹ̀dọ̀. Lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ yọ lára ọ̀pọ̀ àwọn tó gbà á. Ẹni tí wọ́n ń wá kókó lórí rẹ̀, wọ́n gbin òmíràn sí i nínú.

Inú irú ayé yẹn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku ti ṣiṣẹ́. Ọmọ Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́ ni, wọ́n bí i ní 1927, ọdún tí Moniz yọrí gan-an. Ó gba oyè ìṣègùn ní Howard, ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Michigan, ó sì padà sí Ìbàdàn ní 1962, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Afẹ́fẹ́ àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ni àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ níbi gbogbo láyé gbára lé nígbà yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó kàwé nínú ilé ìkàwé ìṣègùn tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Ìbàdàn, ẹ rántí pé àwòrán ohun tí kókó tì ni ìran tirẹ̀ ń kà, kí wọ́n tó pinnu ibi tí abẹ yóò gbà. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń pe ìyẹn ní ìméfò. Ìméfò kọ́ o. Ẹni tó bá rí odò tó ṣàdédé yà, tó sì mọ̀ pé òkúta wà níbẹ̀, ìrònú ló ṣe. Odeku kú ní 1974, ẹni ọdún 47.

Ọdún mẹ́ta ṣáájú ikú rẹ̀ ni nǹkan yí padà. Godfrey Hounsfield, ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ EMI ní England, ẹni tí kò gba oyè yunifásítì, ló ronú ní 1967 pé bí ìtànṣán X bá gba inú nǹkan kọjá láti igun púpọ̀, kọ̀ǹpútà lè ṣírò ohun tó wà nínú rẹ̀. Allan Cormack, tí wọ́n bí ní South Africa, ti tẹ ìṣirò tó jọ ọ́ jáde ní 1963 àti 1964, àwọn ènìyàn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ kọbi ara sí i. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1971, ní ilé ìwòsàn Atkinson Morley ní Wimbledon, Hounsfield àti Dókítà James Ambrose gbé obìnrin kan sínú ẹ̀rọ náà. Wọ́n fura pé kókó wà níwájú ọpọlọ rẹ̀.

Àwòrán tó jáde kò ju àmì 80 ní ìbú àti 80 ní òòró lọ, 6,400 péré. Fóònù àpò yín ń ya ti mílíọ̀nù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà fún àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìyàtọ̀ kékeré láàárín ohun rírọ̀ méjì, tí X-ray lásán ń gbé mì, ó hàn. Ohun róbótó dúdú kan wà ní iwájú lápá òsì. Kókó náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n rí yìí, láìlu agbárí, láìti afẹ́fẹ́ wọlé, láìgún ọrùn. Obìnrin náà kàn sùn sílẹ̀ ni, ó sì dìde. Ní 1979 Hounsfield àti Cormack jọ gba ẹ̀bùn Nobel. Ẹ̀rọ MRI tẹ̀lé e, èyí tí kò lo ìtànṣán X rárá. Òun náà mú Nobel wá fún Paul Lauterbur àti Peter Mansfield ní 2003.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Àwòrán ń sọ ibi tí kókó wà àti bó ṣe tóbi tó. Ó lè jẹ́ ká fura sí irú èyí tó jẹ́. Láti mọ orúkọ rẹ̀ dájú, ó sábà máa ń gba pé kí wọ́n bu díẹ̀ nínú rẹ̀ wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ìbáà jẹ́ ti orí tàbí ti ọrùn.

Àánú ńlá ni CT mú wá: ó gba ìrora kúrò nínú wíwá. Àmọ́ ẹni tí ẹ̀rọ jìnnà sí, tàbí tí owó rẹ̀ kò ká, tó ń fi oògùn ẹ̀fọ́rí ti oṣù mọ́ oṣù, àánú yẹn kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú orí rẹ̀ mọ́, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kókó kì í dúró de ẹni tó ń tọ́jú owó.