Ẹnìkan Kì Í Jẹ́ "Àwá Dé": Bí Onílẹ̀ Ṣe Ń Bá Ìjọba Bẹ̀rẹ̀ Ọ̀rọ̀

"Ẹnìkan kì í jẹ́ 'àwá dé'": ẹni tó dá rìn kò gbọdọ̀ kí onílé bí ẹni tó kó èrò lẹ́yìn. Nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀, òwe yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfin.

Sẹkọna, ní agbègbè Ẹdẹ, ni ọ̀nà Ifẹ̀ ti pàdé ọ̀nà Gbọ̀ngán sí Òṣogbo. Oríta bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ wọ ìjọba lójú, yálà láti fẹ títì ni tàbí láti kọ́ ọjà. Bí awọnlẹ̀ bá ti ri òkúta ààlà mọ́ àárín oko kòkó, owó kọ́ ló yẹ kí ẹbí kọ́kọ́ béèrè. Ta ni yóò lọ bá ìjọba sọ̀rọ̀, lórúkọ ta sì ni?

Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹnìkan. Olórí ẹbí ló ń bójú tó o, àwọn àgbà ìdí igi kọ̀ọ̀kan sì ń fọwọ́ sí ohun tó bá fẹ́ fi í ṣe. Ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ní 1959, fi ìyàtọ̀ kan hàn tí àwọn tó ń ra ilẹ̀ kì í sábà kà sí. Bí olórí ẹbí bá dá ilẹ̀ tà láìsọ fún àwọn àgbà, ọjà náà dúró títí wọ́n á fi lọ tú u ká nílé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹbí bá tà á lẹ́yìn olórí, kò tà rárá. Asán ni ìwé tó kọ. Ìdí nìyí tí ìpàdé ẹbí, níbi tí gbogbo ìdí igi ti pé tí wọ́n sì yan aṣojú, fi gbọ́dọ̀ ṣáájú lẹ́tà èyíkéyìí sí ìjọba.

Àwọn ènìyàn a máa sọ pé ọba ló nilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n àkóso ìlú ọ̀tọ̀, níní ilẹ̀ ọ̀tọ̀. Ní Èkó, àwọn Ìdẹ́jọ, olóyè onífìlà funfun, ló nilẹ̀. Nígbà tí Ọba Dòsùmú fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní 1861, àkóso ló fi sílẹ̀; ilẹ̀ àwọn Ìdẹ́jọ kò sí lára rẹ̀. Ó gba ọgọ́ta ọdún kí ìyẹn tó yé ìjọba. Ní 1913 wọ́n gba ilẹ̀ Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, ní Àpápá. Ilé ẹjọ́ Èkó ní àbójútó lásán ni Olúwa ní lórí ilẹ̀ náà, nítorí náà owó kékeré tó o. Olúwa gbé ẹjọ́ dé Privy Council, ilé ẹjọ́ ìkẹyìn fún àwọn ilẹ̀ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1921, Viscount Haldane kéde ìdájọ́ pé bí ìjọba tilẹ̀ pààrọ̀ ọwọ́, onílẹ̀ ṣì ni onílẹ̀. Àwùjọ ló ni ilẹ̀ náà pátápátá, kí a san owó rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí Olúwa sì gbà á gẹ́gẹ́ bí olórí wọn.

Herbert Macaulay, olóṣèlú Èkó, ló bá Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pá àṣẹ Elékòó Èṣùgbàyí, ọba Èkó nígbà náà, lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù gbé e jáde pé Elékòó ni ọba mílíọ̀nù 17 ọmọ Nàìjíríà. Èyí bí ìjọba Èkó nínú. Wọ́n ní kí Elékòó kéde fáráyé pé òun kọ́ ló sọ ọ́. Kò ṣe é bí wọ́n ṣe fẹ́, wọ́n sì dá owó oṣù rẹ̀ dúró. "Àwá dé" tó kọjá iye èrò tó wà lẹ́yìn ni òwe ń bá wí.

Ìdájọ́ Olúwa rìn jìnnà. Ní 1992, nínú ẹjọ́ Mabo, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Ọsirélíà tọ́ka sí i nígbà tó kọ èrò pé ilẹ̀ náà kò ní ẹni tó ni ín kí òyìnbó tó dé. Ní Victoria, ìpínlẹ̀ kan ní Ọsirélíà, òfin 2018 la ọ̀nà àdéhùn láàrin ìjọba àti àwọn onílẹ̀ àbáláyé sílẹ̀, ìlànà ìjíròrò sì jáde ní 2022. Níbẹ̀ náà, àwọn onílẹ̀ á kọ́kọ́ yan aṣojú, wọ́n á forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Treaty Authority, èyí tí kò sí lábẹ́ ìjọba, wọ́n á sì pe àwọn tí wọ́n jọ pààlà. Owó kan tilẹ̀ wà tí a yà sọ́tọ̀ kí onílẹ̀ lè rí ohun fi múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ní Sẹkọna, owó tí ẹbí bá dá jọ ni.

Ní Nàìjíríà, Òfin Ìlò Ilẹ̀ 1978 ti dín ohun tí ẹbí lè dúnàádúrà lé lórí kù. Wọ́n ní gómìnà ló nilẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà ní ó dì í mú fún gbogbo ènìyàn ni. Bí ìjọba bá gbà á, owó gbà-má-bínú wà lórí ilé àti irè oko, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí náà ọjọ́ tí wọ́n bá wá ka igi kòkó, ọ̀pẹ àti obì ni ọjọ́ ọ̀rọ̀ gan-an. Ó yẹ kí akọ̀wé ẹbí wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló gba oko, òfin ní kó fún àgbẹ̀ ní ilẹ̀ mìíràn tí yóò dáko sí, ohun tí àgbẹ̀ púpọ̀ kò gbọ́ rí. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti àwùjọ, gómìnà lè ní kí a sanwó fún àwùjọ, fún olórí wọn, tàbí sínú àpò kan fún ànfààní wọn. Àríyànjiyàn lórí iye owó ń lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ìlò àti ìpín ilẹ̀ ti ìpínlẹ̀. Òfin náà kò gba ilé ẹjọ́ láyè láti yẹ iye náà wò.