Ọtí Ilé Kò Gbọdọ̀ Kọjá Ìloro: Ìtàn Òfin Ọtí Pípọn ní Amẹ́ríkà

Ìtàn tí mo gbé wá lónìí dá lórí ìbéèrè kan tó dà bí ẹni pé kò le rárá. Bí òfin bá gba ènìyàn láyè láti pọn ọtí nínú ilé rẹ̀, ṣé ó ti gbà á láyè láti gbé ìkòkò náà síta, kí ó fi bí a ṣe ń pọn ọ́n han ará ìlú, kí ó sì bù fún wọn tọ́ wò? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ní, "Kí ló tún kù? Wọ́n ṣáà ti ní kí ó máa pọn ọ́n." Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ó gbà wọ́n ju ọgbọ̀n ọdún lọ kí ìdáhùn ìbéèrè yìí tó yanjú.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀. Ọtí tí à ń pọn ni irú ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tàbí bíà. A ó rẹ ọkà kí ó hù, a ó sá a, a ó lọ̀ ọ́, a ó sè é, a ó sì fi í sílẹ̀ kí ó kan. Ìwúkàrà ni yóò sọ adùn inú rẹ̀ di ọtí. Ògógóró yàtọ̀. Ọtí tó ti kan tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń gbé ka iná, tí wọ́n ń gba ooru rẹ̀ sínú ọ̀pá, kí ó tutù níbẹ̀, kí ó sì máa kán sínú ìgò. Òfin kì í fi ojú kan náà wo àwọn méjèèjì. Bíà ni ìtàn yìí dá lé, ṣùgbọ́n a ó kan ògógóró kí a tó parí.

Nígbà tí ọtí di èèwọ̀

Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 1919, iye àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tó yẹ fọwọ́ sí Àtúnṣe Kejìdínlógún sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè wọn. Àtúnṣe yìí fòfin de ṣíṣe ọtí, títà á àti kíkó o káàkiri. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ilé aṣòfin ṣe òfin Volstead, èyí tó ṣàlàyé bí èèwọ̀ náà yóò ṣe máa ṣiṣẹ́. Ààrẹ Woodrow Wilson kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin borí rẹ̀. Ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1920 ni èèwọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Òfin Volstead fi àyè kékeré kan sílẹ̀ fún omi èso. Ènìyàn lè fún omi èso àjàrà tàbí ti ápù nínú ilé rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti pa ni bí ọtí. Kò fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún bíà. Síbẹ̀, mọ́ọ̀tì olómi tó ki bí oyin kò di èèwọ̀, nítorí àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ń lò ó. Àwọn ilé iṣẹ́ ọtí tí òfin ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, irú Anheuser-Busch, bẹ̀rẹ̀ sí í ta mọ́ọ̀tì yìí nínú agolo. Tọmọdé tàgbà ló mọ̀ pé kì í ṣe búrẹ́dì nìkan ni àwọn oníbàárà ń fi í ṣe. Àwọn mìíràn ń ta èso àjàrà gbígbẹ tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ bíi bíríkì, wọ́n sì ń kìlọ̀ fún ẹni tó rà á nípa ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe sí i, kí ó má baà di ọtí. Ìkìlọ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́. Ẹni tí òǹgbẹ bá ń gbẹ kò ní láti ṣe ju òdìkejì ohun tí wọ́n sọ fún un lọ.

Ẹ kíyè sí ohun tí èyí fi hàn wá. Láti ìgbà yẹn ni fífi ọ̀nà ọtí pípọn han ará ìlú ti jẹ́ ọ̀ràn tirẹ̀, tó yàtọ̀ sí pípọn ọtí fúnra rẹ̀.

Wáìnì rọ́nà lọ, bíà dúró

Ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá 1933, Àtúnṣe Kọkànlélógún fòpin sí èèwọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ó fi agbára ńlá lórí ọ̀rọ̀ ọtí lé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà ti máa yọjú lẹ́yìn ọ̀la. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wá ń ṣètò tuntun, wọ́n gba olórí ilé láyè láti ṣe wáìnì fún ìdílé rẹ̀ láìsan owó orí ọtí. Wọn kò fi bíà kún un. Bí ó ṣe di pé fún nǹkan bí ọdún 45, ẹni tó bá pọn bíà sínú ilé rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ ń rú òfin ìjọba àpapọ̀ nìyẹn.

Èyí kò dá àwọn ènìyàn lọ́wọ́ kọ́. Ní ìlú Portland ní Oregon, Fred Eckhardt kọ ìwé kékeré kan, *A Treatise on Lager Beers*, tó kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe lè pọn bíà tó dára nílé. Ní Los Angeles, ẹgbẹ́ Maltose Falcons bẹ̀rẹ̀ ní 1974. Ní Boulder ní Colorado, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Charlie Papazian ń kọ́ àwọn ènìyàn ní bíà pípọn nínú kíláàsì. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ kí òfin tó yí padà. Ìwé kì í ṣe ọtí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe ọtí. Ohun tó wà nínú ìkòkò ni òfin ń lé.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 1978, Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin kan tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ H.R. 1337. Sẹ́nétọ̀ Alan Cranston láti California ló ti ọ̀rọ̀ bíà ilé bọ inú rẹ̀. Láti oṣù kejì 1979, àgbàlagbà kan lè pọn 100 gálọ́ọ̀nù lọ́dún, ìyẹn bíi lítà 378. Ilé tí àgbàlagbà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ń gbé lè pọn 200. Wọn kò ní san owó orí ọtí, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ tà á. Ní oṣù kejìlá 1978, Papazian àti Charlie Matzen dá American Homebrewers Association sílẹ̀ ní Boulder. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ tilẹ̀ sọ ọ́ kedere pé ènìyàn lè gbé bíà rẹ̀ jáde nílé lọ sí ibi ìpàtẹ, ibi ìdíje tàbí ibi tí wọ́n ti ń tọ́ ọ wò, bí kò bá ṣáà ti tà á.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Oregon, 2010

Ìpínlẹ̀ Oregon ni a bá pàdé lẹ́ẹ̀kan sí i, ibi tí Eckhardt ti kọ ìwé rẹ̀. Lọ́dọọdún ni ìpínlẹ̀ náà máa ń ṣe ìpàtẹ ńlá ní Salem, olú ìlú wọn. Àwọn àgbẹ̀ a kó ohun ọ̀gbìn wá, àwọn ìyàwó ilé a gbé àkàrà òyìnbó wá, àwọn tó ń pọn bíà nílé náà a sì gbé ìgò tiwọn wá fún ìdíje. Ní 2010, wọ́n fagi lé ìdíje bíà náà.

Ìdí rẹ̀ kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni mu ún tó ṣàìsàn tàbí pé ẹnikẹ́ni tà á. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ló tún òfin ọtí ìpínlẹ̀ náà kà, wọ́n sì rí i pé ọtí tí ènìyàn bá pọn tí yóò sì mu nínú ilé nìkan ni òfin yọ̀ǹda láìgba ìwé àṣẹ. Bí ìgò bá ti kọjá ìloro, ààbò òfin ti tán lórí rẹ̀. Ohun tí ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n máa ṣe, òfin ìpínlẹ̀ kò mọ̀ ọ́n rí. Kì í ṣe ìdíje Salem nìkan ni èyí kàn. Ó kan ìpàdé ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń tọ́ ọtí ara wọn wò, ó kan ọmọ ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí àwọn àgbà iṣẹ́ sọ ibi tí ọtí òun kù sí fún òun, ó sì kan ẹni tó gbé ìgò méjì lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ tó ń pọn bíà kò sá pamọ́. Wọ́n lọ bá àwọn aṣòfin. Ní 2011, ilé aṣòfin Oregon ṣe òfin SB 444, Gómìnà John Kitzhaber sì fọwọ́ sí i. Ó di pé bíà ilé lè jáde lọ sí ìdíje àti ìpàtẹ. Wisconsin bá irú ìṣòro yìí pàdé, òun náà tún òfin tirẹ̀ ṣe ní 2012. Ní Mississippi àti Alabama, kódà pípọn ọ́n nínú ilé kò bófin mu títí di 2013. Nígbà tí Alabama sì gbà níkẹyìn, gálọ́ọ̀nù 15 láàárín oṣù mẹ́ta ni wọ́n gbà fún ènìyàn.

Ohun tí òfin ń bi ẹni tó gbé ìkòkò síta

Nínú gbogbo ìtàn yìí, ìbéèrè mẹ́rin ni mo rí tí òfin kì í yéé bèèrè. Àkọ́kọ́: ṣé ó ta ọtí náà? Èyí lè díjú ju bí a ṣe rò lọ, nítorí bí ènìyàn bá san owó ìwọlé, tí wọ́n sì bu ọtí fún un nínú ọgbà, ẹnì kan lè sọ pé ó ti ra ọtí nìyẹn. Ìkejì: níbo ni? Ilé rẹ, pápá ìjọba, tàbí ilé ọtí tó ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ láti dáàbò bò? Ìkẹta: ta ló mu ún? Láti 1984 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń fi owó títì halẹ̀ mọ́ ìpínlẹ̀ tí kò bá fi 21 ṣe ọjọ́ orí ẹni tó lè ra ọtí.

Ìkẹrin ló dùn jù: kí ló wà nínú ìkòkò? Lọ́jọ́ tí ènìyàn bá ń fi bíà pípọn han ará ìlú, omi mọ́ọ̀tì dídùn tí wọ́n fi òdòdó hops sè ló wà lórí iná. Kò tíì di ọtí. Ó di ìgbà tí ìwúkàrà bá ti ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Nítorí náà, ènìyàn lè fi gbogbo iṣẹ́ orí iná hàn ní gbangba láìbu ife kan fún ẹnikẹ́ni.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Ọdún 1919 tí Amẹ́ríkà fòfin de ọtí ni àwọn ìjọba òyìnbó pàdé ní Saint-Germain-en-Laye ní ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n sì ṣe àdéhùn tó fòfin de ṣíṣe ọtí líle irú ògógóró ní apá tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Áfíríkà. Nàìjíríà wà nínú rẹ̀. Ẹmu àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kò sí nínú àdéhùn náà. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, tí ọtí òkè òkun wọ́n, àwọn ènìyàn wa ń ṣe ògógóró nínú igbó, ọlọ́pàá sì ń lé wọn kiri. Amẹ́ríkà náà kò dá ọtí líle sílẹ̀ nínú òfin 1978.

Ìdí wà tí òfin fi ń bẹ̀rù ọtí líle ju bíà lọ. Ní 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹ̀mí ṣòfò nítorí ọtí tí májèlé mẹtánọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi iṣẹ́ pamọ́ sínú igbó, ta ni yóò bá a yẹ̀ ẹ́ wò? Ta ni yóò sọ fún un pé, "Èyí kò dára, dà á nù"?

Ohun tí àwọn ará Oregon jà fún nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bíà lásán ni tiwọn. Wọ́n fẹ́ kí ojú mìíràn rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Iṣẹ́ tí a bá ṣe ní gbangba ni àgbà lè tún ṣe, òun ni ọmọdé lè kọ́, òun náà ni ìjọba lè ṣọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbé ìkòkò rẹ̀ síta, kí ó kọ́kọ́ lọ ka òfin ìpínlẹ̀ rẹ̀ dópin. Àṣẹ tó gbà nínú ilé lè má bá a dé ìta.